Bàbá Ọjọ́-Mélòó: Ohun Tí Ìkánjú Òyìnbó Kọ́ Mi ní Bẹẹrẹ

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ méjì ládùúgbò wa wá bá mi pé àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè jẹun. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ náà dára. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ohun tí mo rò ni mo kọ síbí. Bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, gbólóhùn mẹ́ta ni yóò tán sí, nítorí èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀.

Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi. Ó rán mi lọ sílé kéwú, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gún awọ. Ilé ìwé kò yé e. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí n tó jókòó ní kíláàsì kìn-ín-ní, láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò kọjá ìgbànú mi. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Kò dùn mí jù. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ a máa wo nǹkan fínnífínní. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kò gba àlàyé. Ó ń wá ẹni tí yóò máa kọ̀wé, èmi náà sì ń wá ibi tí n ó ti máa kọ ọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń san án.

Tíṣà Ọládòkun ni orúkọ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wá gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bẹẹrẹ. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, tapuráítà kan, àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Ará ìjọ Aládùúrà ni. Lọ́jọ́ tó bá wọ aṣọ funfun rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi gun àtẹ̀gùn wá sókè. Àwọn ènìyàn ń kó ìwé òyìnbó wá fún wa: lẹ́tà láti ìlú òkèèrè, ìwé ilẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn, ìwé pélébé tí àwọn oníwàásù ń pín. Àwa yóò sọ ọ́ di Yorùbá.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ òfin ló máa ń fún wa ní wàhálà jù. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ìyára ni. Òyìnbó kì í sọ pé òun yóò ṣe nǹkan kíá kó dákẹ́ síbẹ̀. Yóò ní òun yóò ṣe é kí fìlà tó balẹ̀. Yóò ní òun ń bá aago sáré. Bó bá fẹ́ kí o ní sùúrù, yóò ní kí o di ẹṣin rẹ mú, bẹ́ẹ̀ o kò ní ẹṣin. Nínú gbogbo àfiwé wọn, ìgbín nìkan ni a jọ ní.

Tíṣà ní ìwé kan tó fi páálí dì, Ìwé Àtẹ̀gùn ló ń pè é. Ó ya àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó sínú rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, jẹ́jẹ́, wéré, kíá, kánmọ́kánmọ́, wàràwàrà. Lókè téńté ni fìrí wà, èyí tí ojú kò lè bá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tó bá a dọ́gba. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá wọlé, a ó jókòó, a ó jiyàn lórí ìpele tó yẹ kí ó dúró lé.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan tapuráítà. Ẹnu fèrèsé ló fi mí sí.

"Wo títì," ló wí. "Mú ẹni mẹ́wàá. Wá sọ bí wọ́n ṣe ń rìn fún mi. Má lo ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì."

Mo wo títì. Mo ní, "Obìnrin kan ru igi kọjá, sà. Ó ń yára."

"Ó ń yára báwo? Ẹni tí wọ́n ń lé ń yára. Ẹni tó ń lọ jẹun náà ń yára."

"Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, sà."

"Pẹ̀lú igi lórí? Ọrùn rẹ̀ á ti ṣẹ́. Padà lọ wò ó."

"Ó ti lọ, sà."

"Ṣé o rí i pé ó yára jù ọ́ lọ!"

Ojoojúmọ́ báyìí. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n lọ gun Mápó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n wá sọ ibi tí èémí mi ti yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ rò pé orí mi ti dàrú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọnù?" Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi wá a.

Nígbà tó wá jẹ́ kí n jókòó sídìí tapuráítà, ìyà mìíràn ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Bíró ni a fi ń fi wọ́n sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti tẹ ìwé tán. Bí mo bá gbàgbé ẹyọ kan, Tíṣà yóò fa gbogbo ewé náà ya, kò ní bínú, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn na ewé funfun sí mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti fa ìwé rẹ̀ ya rí.

Nígbà tó fi di ọdún kejì, mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà.

Lọ́dún náà, Tíṣà lọ sórí òkè àdúrà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fi mí sídìí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Aláró láti Pópó Yemọja fọwọ́ tọ́ ògiri gun àtẹ̀gùn wá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, yóò fi ya àwòrán sára aṣọ funfun, kí ó tó rì í sínú aró. Bó bá ya àwọn òpó Mápó, o lè kà wọ́n.

Dókítà ti wo ojú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní omi inú ẹyinjú rẹ̀ ti le jù, ó sì ti ń pa iṣan tó fi ń ríran. Wọ́n ní àwọn ń bá aago sáré. Wọ́n ní kò sí ìṣẹ́jú kan tí a lè fi ṣòfò. Wọ́n ní kó padà wá "as soon as possible", èyí ni pé kíá tó bá lè ṣeé ṣe.

Mo kà á tán. Mo mọ ìpele tó wà: òkè téńté ni. Mo wá gbójú sókè, mo rí obìnrin tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ, tó jókòó lórí àga wa, tó ń fi etí ìborùn nu ojú. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé kó sáré? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í kán àgbà lójú. Bí ilé ń jó, a ó kọ́kọ́ kí i ná.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n kí yín, Mà." Wọn kò kí i.

"Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Wọ́n ní bí ẹ bá ti ráàyè, kí ẹ padà wá rí àwọn. Kó má ṣáà pẹ́ jù."

Ó ronú díẹ̀. "Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Aṣọ wà nílẹ̀ tí mo ti ṣèlérí. Bí mo bá lọ lẹ́yìn Iléyá ńkọ́?"

Mo tún wo lẹ́tà náà. "Kò burú, Mà," ni mo wí.

Ó súre fún mi. Ó ní ẹnu mi dùn, ó ní ọmọ tó mọ bí wọ́n ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Mo sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Inú mi dùn sí ara mi.

Ó lọ lẹ́yìn Iléyá. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí nígbà yẹn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Síkírá, ló mú lẹ́tà náà padà wá fún Tíṣà pé kó tún un kà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, àbàwọ́n aró wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Tíṣà kà á, ó sì wo èmi.

"Kí ni o sọ fún un?"

"Mo ní bí wọ́n bá ti ráàyè, sà."

"Ibo lo ti rí àyè nínú lẹ́tà yìí?"

Mo ní, "Sà, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ ni."

"Òótọ́ ni. A ó jẹ́ ẹ ni. Ìwọ fi tọmọ rìn dáadáa, o kò wá jẹ́ iṣẹ́ náà." Ó ká lẹ́tà náà. "Ta ló ní kí o bọ̀wọ̀ fún un ju ojú rẹ̀ lọ?"

Ó dìde, ó wọ bàtà.

"Ká lọ."

"Síbo, sà?"

"Lọ sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

A bá Ìyá Aláró nídìí ìkòkò aró rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. Láti orí ilẹ̀ ni mo ti sọ lẹ́tà náà fún un, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, láìyọ nǹkan kúrò. Mo sọ ti aago. Mo sọ ti ìṣẹ́jú. Ìyá yọ ọwọ́ kúrò nínú aró.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Ká ní mo mọ̀ ni, aṣọ ni n bá jẹ́ kó dúró. Aṣọ kì í fọ́jú."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Mo ti súre fún ọ lọ́jọ́sí. N kò ní gbà á padà."

"Ìyá," ni Síkírá wí lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ gbà á padà."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Síkírá kò rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé Tíṣà yóò lé mi. Kò lé mi. Nígbà tí a padà dé Bẹẹrẹ, ó mú Ìwé Àtẹ̀gùn, ó kọ ìbéèrè kan náà sókè gbogbo ojú ewé rẹ̀: Ọjọ́ mélòó? Ó ní, "Láti òní lọ, ì báà ṣe fìlà, ì báà ṣe ẹṣin, ì báà ṣe aago ni wọ́n dárúkọ, wá ẹni tó kọ ọ́ rí, kí o bi í ní iye ọjọ́. Bí o bá ti mọ ọjọ́, o lè wá fi oyin sí i bó bá wù ọ́."

Ohun tí mo ṣe fún ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀ nìyẹn. Mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn lọ bi nọ́ọ̀sì. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́yà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn ènìyàn ń bínú pé mo ń fi nǹkan falẹ̀. Ọkùnrin kan láti Òkè Bọ́lá mú lẹ́tà ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà ní òun yóò ti délé kí wọ́n tó mọ̀. Mo ní kí a kọ̀wé bi í ní ọjọ́. Bàbá náà kẹ́nu bò mí, ó ní èmi kì í fẹ́ ayọ̀ ẹlòmíràn. Èsì dé: ọdún méjì. "Ẹ ṣeun," ni bàbá náà wí. "Mo ti ń kun yàrá rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí ní Bàbá Ọjọ́-Mélòó, láti Ọjà'ba títí dé Ìdí Arẹrẹ. Aránṣọ kan ní Ìdí Arẹrẹ a máa ké sí mi láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Ọjọ́-Mélòó! Aṣọ yín ń jáde láìpẹ́ o!" Èmi náà á ní, "Láìpẹ́ tìrẹ, ó ti jẹ Iléyá méjì."

Ní ti Pópó Yemọja, láti ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń lọ ní gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, láti pọn omi sínú ìkòkò. Ojú Ìyá ti lọ, ahọ́n rẹ̀ wà. Yóò tọ́ aró wò, yóò sọ fún Síkírá bóyá ó ti kan tàbí kò tíì kan. Síkírá ló wá ń ya àwòrán. Fún ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kò ju "Ẹ gbé e síbẹ̀" lọ. Lọ́dún kẹrin ó ní, "Ẹ jókòó." Ó di ìyàwó mi. Ìyókù jẹ́ tèmi àti tirẹ̀. Kúdí, ọmọ wa obìnrin, nìkan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Kí Ìyá Aláró tó kú, ó pọ̀n ọ́n.

Tíṣà náà kú. Ó fi tapuráítà àti Ìwé Àtẹ̀gùn sílẹ̀ fún mi. Kọ̀ǹpútà dé, ó mọ àmì ohùn, ó mọ àmì ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ mi ṣì ń wá bíró. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan sọ òyìnbó sínú tirẹ̀ níwájú mi, fóònù sì ti dá a lóhùn ní Yorùbá kí n tó wọ gíláàsì ojú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, kí fìlà tó balẹ̀!" Mo wò ó. Fóònù kọ ọ́ pé a ń sáré lòdì sí aago. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ohun ẹ̀rín mọ́. Ó ti mọ wàràwàrà, ó ti mọ kánmọ́kánmọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun kan péré ni n kò tíì rí i kó ṣe. Kì í béèrè.

Àwọn oníbàárà ń dínkù. Lọ́dún tó kọjá mo ti ilẹ̀kùn, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.

Ṣùgbọ́n kí n tó ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe. Òun ni ó mú kí n kọ gbogbo èyí.

Ara Síkírá kò yá. A lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí a padà wá gbọ́ èsì. Dókítà tó gbà wá kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Òyìnbó ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní àìsàn náà ti ń sáré. Ó ní àkókò àyálò ni ìyàwó mi ń lò. Ó ní kí n fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún un.

Síkírá jókòó tì mí, ó di àpò rẹ̀ mú lórí itan. Ẹnu mi ló ń wò.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní..." ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn Tíṣà lọ sókè, mo gùn ún wá sílẹ̀. N kò rí ìpele tí mo lè dúró lé.

"Bàbá Kúdí." Kò gbé ohùn sókè. "Mo rí i pé èyí tó dùn lẹ ń wá. Ẹ má bá mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe bá ìyá mi sọ ọ́."

Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo ń nù ún.

"Ẹ bi wọ́n."

"Síkírá..."

"Ṣebí gbogbo ayé lẹ ń bi. Ẹ bi wọ́n."

Mo yíjú sí dókítà. Mo bi í ní iye ọjọ́. Ó wo tábìlì rẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bóyá méje.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni mo sọ fún Síkírá. "Bóyá méje."

Ìka rẹ̀ ń rìn lórí àpò náà, ó ń ka nǹkan.

"Iye kan náà," ló wí. "Ti Ìyá ṣòfò. Tèmi kò ní ṣòfò. Yìgì Kúdí tí a fi sí ẹ̀yìn ọyẹ́, ẹ lọ bá àwọn àna wa. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí a ṣe é."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo lọ. Bàbá ọkọ ọmọ wa kì í ṣe ẹni tí ń yára. Ó ní, "Àna mi, kí ló dé tí ẹ ń kán wa lójú báyìí?" Àgbà ni, ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Mo sọ iye ọ̀sẹ̀ náà fún un, n kò fi oyin sí i. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé itan. Ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta jìnnà, kí a mú èkejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Síkírá ya àwòrán sára aṣọ kan. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́, yóò dúró. Bó bá sinmi tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpó Mápó ló yà, ó sì ya àtẹ̀gùn rẹ̀ sísàlẹ̀. Kúdí ló bá a rì í sínú aró. Lọ́jọ́ yìgì, wọ́n gbé àga rẹ̀ sí iwájú. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó gbà. Ó sì rí ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Síkírá kú.

Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, èsì mi nìyí. Ìwé Àtẹ̀gùn wà lórí pẹpẹ nínú yàrá mi. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wá mú un. Ẹ má ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ dá ọjọ́.